Lẹ́tà ṣíṣí sí ìgbìmọ̀ ìkọ́lé ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ wa ní Ògbómọ̀ṣọ́: ẹ má wó láíbìrì yẹn

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tẹ́ẹ wà nínú ìgbìmọ̀ ìkọ́lé, pàápàá jùlọ Bàbá Alága, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú àníyàn ilé-ìwé wa. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kó rẹ̀ yín.

Ọ̀rọ̀ tó gbé mi wá ò gba ìkíni gígùn. Ẹ ti fi í sórí WhatsApp ẹgbẹ́ pé ẹ ti pinnu láti wó bílọ́ọ̀kù kíláàsì gígùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, àti láíbìrì tó so mọ́ ọn, kẹ́ẹ wá kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà méjì onígíláàsì sójú ibẹ̀, àti pé kátapílà á wọlé bí ìdánwò bá ti parí. Mo kọ̀wé sí yín lábẹ́lé, kò sẹ́ni tó fèsì. Mo pe akọ̀wé, ó ní ọ̀rọ̀ ti kúrò ńlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ eléyìí síta kí gbogbo ọmọ ilé-ìwé wa, nílé lóko, lè jọ kà á. Iṣẹ́ ká máa ya pláànì ilé ni mò ń ṣe jẹun nínú ìlú yìí, ohun tí mo mọ̀ nípa ẹ̀ ni mo fẹ́ sọ.

1. Ẹ ní ilé náà ti gbó, pé ó lè wó pa ọmọ ọlọ́mọ.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Tó bá jẹ́ òótọ́ ni, èmi gan-an ni màá kọ́kọ́ pariwo pé kí wọ́n kó àwọn ọmọ jáde níbẹ̀ lónìí. Ṣùgbọ́n ta ló yẹ̀ ẹ́ wò? Ẹnjiníà wo ló fọwọ́ sí i? Ohun tẹ́ẹ fi sínú gúrúùpù, fọ́tò lásán ni: páànù tó ti dípẹtà, gíláàsì lúfà tó fọ́, àti ibì kan lókè ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí sìmẹ́ńtì ti bó tí irin sì yọjú. Páànù ò gbé ilé dúró, gíláàsì lúfà náà ò gbé ilé dúró. Irin tó yọjú yẹn nìkan ló jẹ́ ọ̀ràn gidi níbẹ̀, òun náà sì ní ìtọ́jú tiẹ̀. Wọ́n á gbẹ́ gbogbo sìmẹ́ńtì tó ti dẹ̀ kúrò, wọ́n á ha ìpẹtà ara irin títí á fi mọ́, wọ́n á kùn ún ní ọ̀dà tí ò ní jẹ́ kó tún dípẹtà, tó bá ti jẹ jù wọ́n á so irin tuntun mọ́ ọn, kí wọ́n tó wá fi kọnkéré tó le dí i padà. Kí wọ́n tiẹ̀ tó ṣèyẹn, ẹ̀rọ wà tí wọ́n fi ń lu kọnkéré láti mọ bó ṣe le tó, wọ́n sì lè gé díẹ̀ lára ẹ̀ lọ tẹ̀ nínú láàbù. Kò sí ẹnjiníà tó ní ìwé COREN, àjọ tó ń fún ẹnjiníà níwèé àṣẹ, tí ò mọ èyí. Kò sí èyí tẹ́ẹ ṣe nínú ẹ̀.

Omi ló sì dá gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ o. Gọ́tà òrùlé ti dí látọjọ́ pípẹ́, ewé máńgòrò ló kún inú ẹ̀, omi òjò ò ríbi lọ ló bá ń gba ara kọnkéré wọlé. Kó ewé kúrò nínú gọ́tà, ìyẹn ni ẹgbẹ́ wa ò ṣe fún gbogbo ọdún wọ̀nyí, ilé la wá ń dá lẹ́bi.

2. Ẹ ní kò sí nǹkan pàtàkì kan lára ẹ̀. Ibí yìí ni mo fẹ́ dúró sí dáadáa, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ fún mi.

Obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Jane Drew. Àdúgbò Croydon ní Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n bí i sí ní 1911. Ó kọ́ iṣẹ́ ilé yíyà ní Architectural Association, Lọ́ńdọ̀nù náà ló wà, ṣùgbọ́n nígbà tó jáde tó ń wáṣẹ́ kiri, ojú ẹ̀ ni àwọn ọ́fíìsì ti ń sọ fún un pé àwọn ò gba obìnrin. Kò padà sílé lọ jókòó. Nígbà ogun Hitler ó dá ọ́fíìsì tiẹ̀ sílẹ̀, obìnrin nìkan ló sì kọ́kọ́ ń gbà síbẹ̀. Ní 1942 òun àti Maxwell Fry fẹ́ra, Fry yìí náà ti gbajúmọ̀ nídìí iṣẹ́ yẹn, ó ti bá Walter Gropius ará Jámánì tó dá ilé-ẹ̀kọ́ Bauhaus sílẹ̀ ṣiṣẹ́ pọ̀. Ìgbà tó di 1944 ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba obìnrin yìí síṣẹ́ pẹ̀lú ọkọ ẹ̀, pé kí wọ́n máa gbani nímọ̀ràn lórí ètò ìlú ní Nàìjíríà, Gáńà, Sàró àti Gáḿbíà.

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti kàn wá. Nígbà tí wọ́n dá Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn sílẹ̀ ní 1948, inú ilé tó ti jẹ́ ọsibítù sójà ní Ẹlẹ́yẹlé ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Fry àti Drew ni wọ́n gbéṣẹ́ ọgbà tuntun fún. Ẹ̀yin tẹ́ẹ jáde ní UI nínú ìgbìmọ̀ yìí, ẹ sì pọ̀ níbẹ̀, ẹ rántí Kenneth Dike Library. Ẹ rántí bí ilé yẹn ṣe gùn tí kò sì fẹ̀, bí wọ́n ṣe fi kọnkéré oníhò bojú ẹ̀, atẹ́gùn á gba ẹ̀gbẹ́ kan wọlé, á gba ẹ̀gbẹ́ kejì jáde, oòrùn ò sì ní débi tí ìwé wà. Wọn ò ro ti A.C. rárá nígbà tí wọ́n ń yà á. Ẹ rántí Mellanby àti Tedder, ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé, ẹ rántí Trenchard Hall tẹ́ẹ ti gba ìwé ẹ̀rí yín. Ọgbà yẹn ni Chinua Achebe àti Wole Soyinka ti kàwé.

Ohun tó mú mi fẹ́ràn iṣẹ́ obìnrin yìí ni pé kò fi ọgbọ́n ẹ̀ pamọ́. Ní 1947 òun, ọkọ ẹ̀ àti Harry Ford kọ ìwé lórí bí wọ́n ṣe ń kọ́lé abúlé nílẹ̀ olóoru. Ní 1956 òun àti ọkọ ẹ̀ tún kọ òmíràn tó tóbi jùyẹn lọ, lórí ilé kíkọ́ níbi tó gbóná tó sì ń rin. Ẹ jẹ́ kí n kó kókó ẹ̀ jọ bí màá ṣe sọ ọ́ fún bíríkìlà ní Ọjà Igbó. Kí ẹ̀gbẹ́ ilé tó gùn kọjú sí àríwá àti gúúsù, torí pé ìlà oòrùn àti ìwọ̀ oòrùn ni oòrùn ti ń ki ojú bọlé tààrà. Kí ilé má ju yàrá kan lọ ní ìbú, kí atẹ́gùn lè là á kọjá. Kí òrùlé yọ síta dáadáa, kó gba ògiri lọ́wọ́ oòrùn àti òjò. Kí ihò wà lókè ògiri kí ooru tó bá gòkè ríbi jáde. Kí ògiri tó bá kọjú sí ìwọ̀ oòrùn má ní fèrèsé.

Ó yá, ẹ dìde kẹ́ẹ lọ wo tiwa. Kì í ṣe Jane Drew ló ya pláànì ẹ̀, bíríkìlà àti kápẹ́ńtà ìlú yìí ló sì kọ́ ọ, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ yẹn, ó wà lára ẹ̀ pátá. Ó gùn láti ìlà oòrùn dé ìwọ̀ oòrùn. Kíláàsì kan ṣoṣo ni ìbú ẹ̀, ọ̀dẹ̀dẹ̀ wà lápá gúúsù, lúfà wà lápá àríwá, bùlọ́ọ̀kù oníhò wà lókè fèrèsé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Láíbìrì ló gbẹ̀yìn níhà ìwọ̀ oòrùn, ògiri ibẹ̀ ò ní fèrèsé kankan, kọ́bọ́ọ̀dù ìwé ni wọ́n tò sí i lára. Ẹni tó bá jókòó sídìí tábìlì tó wà lójú lúfà níbẹ̀ láago méjì ọ̀sán nínú oṣù Ẹrẹ́nà, nígbà tí ewúrẹ́ pàápàá ń wá ibòòji, á rí i pé oòrùn ò kọjá ọ̀dẹ̀dẹ̀, àti pé ìwé tóun ṣí sílẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́, á máa fi ìgbọ̀nwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ni. Láìsí iná o, láìsí fáànù. Ẹ̀yin náà ti jókòó níbẹ̀ rí. Ẹ lọ jókòó níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i kẹ́ẹ tó jẹ́ kí kátapílà wọlé.

Kí n parí ti obìnrin náà. Ní 1951 ó lọ sí Íńdíà, òun àti ọkọ ẹ̀ wà lára àwọn tó jẹ́ kí Le Corbusier, ògbóǹtarìgì nídìí iṣẹ́ ilé yíyà, wá síbi ìlú tuntun Chandigarh tí ìjọba Nehru ń kọ́. Ọdún mẹ́ta ló lò níbẹ̀, ó ń ya ilé fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí owó wọn ò tó nǹkan, ó sì ń ya ilé-ìwé. Ilé-ẹ̀kọ́ tó ti kàwé gan-an ló wá fi í ṣe ààrẹ ní 1969, kò sí obìnrin tó jẹ ẹ́ rí kó tó kàn án. Ó kú ní 1996, ọdún yẹn náà ni ọba Gẹ̀ẹ́sì, obìnrin ni nígbà yẹn, fi oyè Dame dá a lọ́lá. Àmì ẹ̀yẹ kan wà lónìí tí wọ́n ń fi orúkọ ẹ̀ pè, Zaha Hadid, obìnrin tóun náà lókìkí nídìí iṣẹ́ ilé yíyà, wà lára àwọn tó ti gbà á.

3. Pláànì tuntun tẹ́ẹ fi hàn wá, ẹ má bínú, ẹni tó yà á ò ro ti Ògbómọ̀ṣọ́ mọ́ ọn.

Mo wò ó dáadáa. Kọ́ríìdọ̀ wà láàárín, kíláàsì wà lọ́tùn-ún lósì, ìyẹn ni pé kíláàsì kọ̀ọ̀kan ò ní fèrèsé ju ẹ̀gbẹ́ kan lọ, atẹ́gùn tó bá wọlé ò ríbi jáde, nítorí náà kò ní wọlé. Ojú ilé tó jẹ́ kìkì gíláàsì, ìwọ̀ oòrùn ló kọjú sí, torí pé ẹ fẹ́ kí àwọn tó ń kọjá lójú títì rí i. Oòrùn ọ̀sán títí dé ìrọ̀lẹ́ á máa wọ inú ẹ̀. Gíláàsì máa ń jẹ́ kí oòrùn wọlé, kì í sì jẹ́ kí ooru jáde bó ṣe wọlé, ẹni tó bá ti páàkì mọ́tò sínú oòrùn rí tó wá gbé gbogbo gíláàsì ẹ̀ sókè mọ ohun tí mò ń wí. Wíńdò yòókù, sáláìdì ni gbogbo ẹ̀. Wíńdò sáláìdì, bẹ́ẹ bá ṣí i tán, ìdajì ló ṣí, ìdajì kejì ti lọ bo ara wọn. Lúfà tẹ́ẹ ń pè ní ti ayé àtijọ́, tẹ́ẹ bá ṣí i, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí tán pátápátá ni, òjò lè máa rọ̀ kí atẹ́gùn ṣì máa wọlé. Ẹ ní olè ń gba lúfà wọlé, òótọ́ ni, irin la máa fi dá a lọ́wọ́ kọ́, irin ò dí atẹ́gùn.

Nínú pláànì yẹn ẹ kọ A.C. sí gbogbo kíláàsì. Ta ló máa máa sanwó iná ẹ̀? Láti April 2024 tí wọ́n ti gbé owó iná Band A, ti àwọn àdúgbò tí iná ń dúró fún jù, sókè, gbogbo wa la mọ ohun tójú ń rí, adúgbò tí ò sì sí lórí Band A, iná ò tiẹ̀ dé kí wọ́n tó sọ pé àwọn fẹ́ tan A.C. Jẹnẹrétọ̀ ńkọ́? Láti May 2023 tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, ilé-ìwé wa ò lè bu epo sí jẹnẹrétọ̀ kékeré tí wọ́n fi ń tẹ ìwé ìdánwò láìjẹ́ pé wọ́n dáwó lọ́wọ́ òbí. Ohun tó máa ṣẹlẹ̀ ni pé A.C. á wà lára ògiri, kò ní ṣiṣẹ́, àwọn ọmọ á wà nínú gíláàsì, wọ́n á máa làágùn, tíṣà á ní kí wọ́n gbé àga jáde sábẹ́ igi máńgòrò. Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé tó kọ́ irú ẹ̀ ní ìpínlẹ̀ yìí ni mo ti débẹ̀ fún iṣẹ́ tí mo rí i bẹ́ẹ̀. Ó ń dùn mí. Owó tí àwọn èèyàn dá láti Lọ́ńdọ̀nù àti Hóúsítìnnì, owó òógùn ojú ni.

4. Ẹnì kan nínú yín kọ ọ́ sínú gúrúùpù pé ilé amúnisìn ni, pé ká gbàgbé ohun tí òyìnbó fi sílẹ̀.

Mi ò ní fojú fo ọ̀rọ̀ yìí torí pé ó wúwo. Jane Drew àti ọkọ ẹ̀, abẹ́ ìjọba amúnisìn ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ nílẹ̀ wa. Àwọn bíríkìlà, àwọn kápẹ́ńtà, àwọn tó ń ru kọnkéré tó gbé UI dìde, orúkọ wọn ò sí nínú ìwé tí wọ́n ń kà káàkiri ayé, ti Fry àti Drew ló wà níbẹ̀. Ìyẹn ò dáa, ó sì yẹ ká máa sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ ìyókù ẹ̀ náà. Ọmọ Nàìjíríà kan tó ń kọ́ iṣẹ́ ilé yíyà ní Manchester, Adédòkun Adéyẹmí, ló fi ẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́ pé ẹ̀kọ́ táwọn ń gbà níbẹ̀ ò bá ilẹ̀ àwọn mu. Ọ̀rọ̀ ẹ̀ wà lára ohun tó fa ìpàdé ńlá tí wọ́n ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1953 lórí ilé kíkọ́ nílẹ̀ olóoru, nígbà tó di 1954 wọ́n dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ fún un ní Architectural Association, Maxwell Fry ló sì kọ́kọ́ jẹ́ olórí ẹ̀. Ọmọ wa ló bèèrè fún ìmọ̀ yẹn.

Ṣé àjèjì ló tiẹ̀ jẹ́ sí wa ni? Agbo ilé àwọn bàbá wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló yí àgbàlá ká, ògiri amọ̀ nípọn, koríko bẹẹrẹ tí wọ́n fi bo òrùlé sì sọ̀ kalẹ̀ débi pé àgbà ní láti bẹ̀rẹ̀ kó tó wọlé. Òjìji ni wọ́n ń wá. Lẹ́yìn òmìnira, Arieh Sharon tó kàwé ní Bauhaus ya ọgbà yunifásítì Ifẹ̀, àwọn ilé kan níbẹ̀ fẹ̀ lókè ju ìsàlẹ̀ lọ, kí àjà òkè lè máa ṣíji bo tìsàlẹ̀. Demas Nwoko, ọmọ Nàìjíríà tiwa, kọ́ ilé ìsìn àwọn Dominican ní Ìbàdàn, ní 2023 wọ́n fún un ní àmì ẹ̀yẹ Kìnnìún Wúrà níbi àfihàn iṣẹ́ ilé yíyà ní Venice fún iṣẹ́ gbogbo ayé ẹ̀. Gbogbo wọn ló bẹ̀rẹ̀ láti ibi oòrùn àti atẹ́gùn. Ẹ wá sọ fún mi, gíláàsì tẹ́ẹ fẹ́ gbé wá yìí, ìlú wo nílẹ̀ Yorùbá ló ti ṣẹ̀?

5. Ẹ ti ní kí àwọn tó ń ra pàǹtí wá wo ilẹ̀kùn àti bẹ́ǹṣì ìrókò inú láíbìrì.

Ní Chandigarh tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, àga tí Pierre Jeanneret, ìbátan Le Corbusier, ṣe fún àwọn ọ́fíìsì ìjọba, nígbà tó gbó wọ́n kó o jù síta, wọ́n tà á ní owó pàǹtí. Àwọn oníṣòwò láti òkè òkun rà á, wọ́n tún un ṣe, àwọn olówó Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ń dù ú lónìí ní owó gọbọi. Àwọn ará Chandigarh ń sunkún ẹ̀. Bẹ́ǹṣì tiwa lè má tó bẹ́ẹ̀ lójú ọjà, ṣùgbọ́n ìrókò gidi ni, kò sí pákó bẹ́ẹ̀ ní sọ́ọ̀mììlì mọ́, ẹ fẹ́ fi àga rọ́bà pààrọ̀ ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbé ẹyọ kan jáde.

6. Ẹ ò bi wá. Kò sí ìpàdé gbogboogbò tí wọ́n ti gbé e kalẹ̀, ẹ ò bi àwọn tíṣà tó ń lò ó lójoojúmọ́, ẹ ò bi àwọn ọmọ. Ìgbà táwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ẹ̀gbọ́n wa kan dáhùn pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ẹ̀gbọ́n, jíjó ni ilé ọba yẹn jó, kò sẹ́ni tó fọwọ́ ara ẹ̀ ṣáná sí i. Ìlójọ Bar, ilé àtijọ́ kan ní ìdí Tinubu l'Ékòó, ìjọba ti kéde ẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè láti 1956, síbẹ̀ wọ́n wó o ní September 2016. Ariwo pọ̀ lẹ́yìn ẹ̀ lóòótọ́, àwọn kan tilẹ̀ ní àwọn á tún un kọ́, ṣùgbọ́n ilé tí wọ́n wó ti lọ.

Ohun tí mò ń bèèrè lọ́wọ́ yín nìyí. Ẹ dá kátapílà dúró, kẹ́ẹ sì kọ ọ́ sórí gúrúùpù pé ẹ ti dá a dúró, kí ọkàn wa balẹ̀. Ẹ gba ẹnjiníà tí kì í ṣe ti kọ́ńtírátọ̀ yín, kó yẹ ilé náà wò bó ṣe yẹ, kẹ́ẹ gbé àbọ̀ ẹ̀ síta fún gbogbo wa láti kà. Tó bá ní apá ibì kan léwu, ẹ fi okùn yí ibẹ̀ ká lọ́jọ́ yẹn gan-an, kẹ́ẹ kó àwọn ọmọ kúrò níbẹ̀. Gọ́tà òrùlé ò tiẹ̀ gbọdọ̀ dúró de àbọ̀ ẹnjiníà kankan, kí wọ́n kó o kí òjò tó dé.

Kíláàsì ò tó, mo mọ̀, àwọn ọmọ ti pọ̀ ju ìgbà tiwa lọ. Ẹ kọ́ tuntun. Ilẹ̀ wà lẹ́yìn ilé oúnjẹ, ó fẹ̀, ó sì gùn láti ìlà oòrùn dé ìwọ̀ oòrùn. Ẹ da pláànì yẹn padà fún ẹni tó yà á, kó mú kọ́ríìdọ̀ kúrò láàárín kó sọ ọ́ di ọ̀dẹ̀dẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, kó yí ojú ilé kúrò ní ìwọ̀ oòrùn, kó yọ òrùlé síta. Owó gíláàsì àti A.C. tẹ́ẹ bá yọ kúrò níbẹ̀ á ran àtúnṣe ti àtijọ́ lọ́wọ́ púpọ̀. Tí ẹni náà bá ní òun ò ráyè, èmi á yà á lọ́fẹ̀ẹ́, àti ti àtúnṣe láíbìrì, mi ò ní gba kọ́bọ̀.

Ẹ fi ọjọ́ ìpàdé síta, ọjọ́ Sátidé ló máa rọrùn fún àwọn tíṣà. Inú láíbìrì yẹn ni kẹ́ẹ jẹ́ ká ti ṣe é, kó jẹ́ aago méjì ọ̀sán. Màá mú téèpù àti pláànì dání wá.

Èmi ni ọmọ yín,
akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ tó ń ya pláànì ilé,
Ògbómọ̀ṣọ́.